Ohun Tó Ń Mu Iná Mọ́tò Ọdẹ́jìmí Nínú Igbó Àìdúró

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín kọ̀ láti dáhùn láàárọ̀ yìí, tí ẹ wá jókòó sábẹ́ ibòji mẹkáníìkì, tí ẹ ń mi ẹsẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ gùn lára, ẹ sún mọ́ mi. Bí a bá ń dúró de ohun tí kò tètè dé, ọ̀rọ̀ la fi ń pa ọjọ́ jẹ. Ẹ mọ̀ mí, bí ẹ kò bá sì mọ̀ mí, ẹ̀bi yín ni. Èmi ni Ọdẹ́ṣẹ̀yẹ, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà, tí ọ̀bọ ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Kì í ṣe ìrìn tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí o. Tèmi pọ̀ jù, ẹ óò gbàgbé pé ẹ nílé. Ìrìn ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́jìmí ni, òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀, nígbà tí bátìrì mọ́tò wọn kú láìròtẹ́lẹ̀ nínú igbó tí àlejò kò gbọdọ̀ dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni mo ń pa, kó kọ́kọ́ lọ tan mọ́tò tirẹ̀ ká gbọ́.

Ọdẹ́jìmí yìí fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, Àjíún, débi pé àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àjíún ló sùn lọ́jọ́ kan tí kò jí mọ́. Kò kú, èémí ń wọlé, èémí ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ lè lu agogo sí i létí, ẹ lè da omi tútù sí i lójú, kò ní fi ìpéǹpéjú kan dá yín lóhùn. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sáré dé láti ìlú tirẹ̀, gèlè lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ewé kan ṣoṣo ló lè jí i, ewé ajíni, tó wà láàárín gbùngbùn Igbó Àìdúró. Ọwọ́ ìyá tó bí aláìsàn nìkan ló lè já a, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún omi rẹ̀ sí i lójú kí ewé náà tó pọ́n. Bó bá pọ́n tán, ó parí nìyẹn, Àjíún yóò máa sùn títí ayé.

Igbó Àìdúró, ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí dé etí rẹ̀ rí. Ẹ̀rù kò bà mí, mo kàn rántí pé mo gbàgbé nǹkan sílé ni. Igi ibẹ̀ ń rìn. Òkìtì ibẹ̀ ń yí ẹ̀gbẹ́ padà bí ẹni tí oorun kò kùn. Ọ̀nà tí ẹ bá tọ̀ láàárọ̀ lè pàdé yín lọ́sàn-án, kó bèèrè pé níbo lẹ ń lọ. Àwọn ọmọ igbó ló ni ìrìn níbẹ̀. Àlejò tó bá dúró pẹ́ yóò ta gbòǹgbò, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé. Ìdí nìyẹn tí Ọdẹ́jìmí fi gbé mọ́tò rẹ̀ lọ, mọ́tò tó sọ ní Arìnmárẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a dúró díẹ̀ fún oorun, bí ojúmọ́ bá sì ti fẹ́ mọ́, wọn a gbéra kí gbòǹgbò tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí nílẹ̀ wa. Ní gbogbo àárọ̀, kí Ọdẹ́jìmí tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìrì fún Ìyá Àjíún. Ìyá náà kò sì jẹ́ dá sí ohunkóhun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọdẹ, nítorí àna tó bá ń tojú bọ àṣírí ọdẹ, ìjà ló ń wá. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi bi ẹnìkejì léèrè ohunkóhun.

Wọ́n rí ewé náà. Ìyá Àjíún já a, ó fi aṣọ tútù wé e, ó gbé e sí àyà. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ẹtu kan sọdá níwájú wọn, Ọdẹ́jìmí sì yìnbọn pa á, nítorí kò sí ẹran tí Àjíún fẹ́ràn tó ẹtu, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí yóò kọ́kọ́ fi kan ẹnu bó bá jí. Ó yan án gbẹ lórí iná, ó gbé e sí búùtù, ibi ìkẹ́rù lẹ́yìn mọ́tò. Ó wá rántí èèwọ̀ ilé wọn. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í pa ìdérí dé mọ́ ẹran tí a pa títí a ó fi gbé e délé. Ìdérí gbọ́dọ̀ là díẹ̀ kí ẹ̀mí ẹran lè rọ́nà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá pa á dé ni ẹ̀mí náà yóò mú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdẹ kì í padà lọ wo ojú ẹran náà lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ọdẹ́jìmí fi okùn so ìdérí búùtù, ó jẹ́ kó là tó bí ìka kan. Ó ṣe bí ọmọ gidi, ó wọ mọ́tò, wọ́n ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ní, "Kà." Ó tún un yí. Mọ́tò ní, "Kà kà," ó sì dákẹ́.

"Ọkọ Àjíún, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ó ń ronú ni."

"Ta ló ń ronú?"

"Mọ́tò ni, Màmá."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Sọ fún un pé a ó máa ronú lọ lójú ọ̀nà."

Ọdẹ́jìmí tẹ hóònù, hóònù sunkún bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ó tan iná iwájú, iná náà pupa rẹ̀rẹ̀ ó sì kú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyẹ̀fun funfun ti hù sí orí bátìrì níbi tí wáyà ti dè mọ́ ọn. Ó se omi gbígbóná, ó dà á sí i, ó fi ọ̀bẹ ha á, ó tún wáyà náà dè pinpin. Ó ṣí ihò bátìrì wò, omi inú rẹ̀ kún dáadáa. Ó yí kọ́kọ́rọ́. "Kà." Nígbà tó wolẹ̀, ó rí i tí táyà ẹ̀yìn ti ta gbòǹgbò wẹ́wẹ́, funfun, bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó.

Ibi tó ti ń fi àdá gé e ni àwọn Orúnkún-lorí ti yọ sí i, àwọn iwin tí orí wọn wà ní orúnkún, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Olórí wọn ní, "Àlejò, a lè ti mọ́tò rẹ, ṣùgbọ́n bí o kò bá dá wa lóhùn, a ó tì í síwájú sínú ilẹ̀ ni. Kí ló ń bá ọdẹ lọ sígbó, tó ń bá a bọ̀ wálé, tí kò bá a jẹ nínú ẹran rí?"

Ọdẹ́jìmí ń làágùn. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wo ilẹ̀. "Òjìji rẹ̀ ni!" (Èmi ì bá ti dáhùn kí wọ́n tó bèèrè tán. Ẹ má dá mi dúró.)

Wọ́n tì í. Ọdẹ́jìmí fi jíà sí i, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì bú ramúramù. Ó tẹ hóònù, àwọn Orúnkún-lorí fọn ká. Ó tan iná, iná mọ́lẹ̀ kedere. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ pé, "Ẹ́ńjìnì yè. Ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lóúnjẹ náà yè, nítorí iná ń mọ́lẹ̀ sí i bí mo ṣe ń lọ. Kí ló wá kú?" Gbogbo ọjọ́ náà ló fi ń wo iwájú, tó ń gbọ́ ẹ́ńjìnì bí ẹni tó ń gbọ́ èémí aláìsàn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá.

Àárọ̀ tún mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. "Kà." Ìyá Àjíún ṣí aṣọ tútù wò. Etí ewé náà ti ń pọ́n.

Kí Ọdẹ́jìmí tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, ìlú kan ti ń bọ̀. Mo ní ìlú, ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn! Ilé tòun ti ògiri, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó sì jókòó yí wọn ká. Ìlú Gbogbowa-Ladájọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹlẹ́rìí níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ́ olùpẹ̀jọ́, adájọ́ ni gbogbo wọn láti ọmọ ọwọ́ dé arúgbó, wọn kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a.

"Ayé ló dì í!" ni ọ̀kan wí.

"Epo ló mu yó!"

"Ẹnu ìyá ìyàwó ni!" ni ẹ̀kẹta ké. "Ẹ wo bó ṣe jókòó. Àyà mọ́tò kankan kò lè gba irú ojú yẹn."

Ìyá Àjíún sọ̀kalẹ̀. "Ìwọ tó o ní ẹnu mi ló pa mọ́tò, sún mọ́ mi kí n kí ọ káàárọ̀." Ọkùnrin náà sá pa mọ́ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ilé náà sì sá pẹ̀lú rẹ̀.

Ọba wọn wá na ọwọ́, gbogbo ìlú dákẹ́. Ó ní, "A ti dá a. Bátìrì ló jẹ̀bi. Ó ti gbó, kò lè di nǹkan mú mọ́. Ẹ pa á tì, ẹ gbé tèmi." Ó pe mọ́tò tirẹ̀, mọ́tò náà jí ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ń bú bí kìnnìún. Ọdẹ́jìmí fi ojú ara rẹ̀ rí i. "Kí ni màá fi san án, Kábíyèsí?" Ọba wo èjìká rẹ̀. "Ìbọn yẹn."

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun Ọdẹ́jìmí tó. Ìbọn tó ti gbé kó tó gbé ìyàwó! Ṣùgbọ́n ó wo àyà Ìyá Àjíún níbi tí ewé wà, ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó gbé bátìrì ọba sínú mọ́tò rẹ̀, Arìnmárẹ̀ sì gbéra. Lọ́jọ́ náà, ó kọrin. Ìyá ìyàwó rẹ̀ gan-an gbè é lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò dára.

Bí ojúmọ́ mọ́, "Kà."

Ọdẹ́jìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó di orí mú. Gbòǹgbò ti wọ ilẹ̀, kì í ṣe wẹ́wẹ́ mọ́. "Bátìrì tuntun, Màmá," ló wí. "Bátìrì tó jí lójú mi. Kì í ṣe bátìrì nígbà náà. Mo ti fi ìbọn mi ra ẹjọ́ tí wọn kò gbọ́." Ó sunkún díẹ̀. Ìyá Àjíún yí ojú sí apá ibòmíràn, kí àna rẹ̀ lè sunkún tán.

Ibẹ̀ ni Amomi-má-yó ti bá wọn. Obìnrin iwin ni, ikùn rẹ̀ tó òkè kékeré, ìgbì sì ń bì nínú rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó ti mu odò ẹ̀yìn igbó gbẹ, ó ń wá òmíràn. "Ẹ̀ ń sunkún, ẹ ò jẹ́ kí omijé kán sínú igbá fún mi!" ló wí. "Kí ló ń ṣe yín?"

Ọdẹ́jìmí sọ gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe tì í tó jẹ́, bó ṣe ń sáré tọkàntara lọ́sàn-án, bí bátìrì ọba ṣe kú bíi ti àkọ́kọ́.

Amomi-má-yó rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń sán ààrá. "Ìyà tó jẹ yín yìí, èmi ni mo mọ irú rẹ̀, nítorí èmi ni mo ń fi í jẹ odò. Ẹ gbọ́. Ilé kan wà, gbogbo ará ilé sùn, ìdérí wà lórí ìkòkò, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ọbẹ̀ ti fà. Ta ló jẹ ẹ́?"

"Ẹni tí kò sùn ni," ni Ìyá Àjíún dáhùn.

"Èèyàn gidi ló bí ọ. Ta ni kì í sùn nínú mọ́tò yín?"

Amomi-má-yó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Òjò kan wà tí mo mu lọ́jọ́sí, mànàmáná bá a wọ ikùn mi. Ẹ̀kún ẹnu kan ló kù." Ó tu iná náà sínú bátìrì, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ bulúù, ó ń ta ṣàṣà. "Kò ní sí òmíràn o. Ó tó láti jí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan, kò tó ẹni méjì pín. Pa gbogbo nǹkan, ti gbogbo ilẹ̀kùn. Yọ wáyà kan kúrò lórí bátìrì, kí o wá rọra fi kan án. Bí ohun gbogbo bá sùn lóòótọ́, kò ní sí nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá ń mu, iná yóò ta."

Ọdẹ́jìmí fi wáyà kan orí bátìrì. Iná ta pàrà!

"Wọ́n ń mu," ni Amomi-má-yó wí, ó ń lá ètè.

Ọdẹ́jìmí sáré tú rédíò. Ó fi kàn án: pàrà! Ó tú iná iwájú. Pàrà! Ó tú wáyà hóònù. Pàrà! Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó ń tú, ó ń fi kàn án, bẹ́ẹ̀ ni iná bulúù inú bátìrì ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò ń gun táyà dé àárín. Ìyá Àjíún ṣí aṣọ wò. Ewé náà ti pọ́n kọjá ìdajì.

Ìyá náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Ọkọ Àjíún, má bínú sí mi. O mọ̀ pé n kì í tojú bọ nǹkan ọdẹ."

"Màmá, ẹ sọ ọ́."

"Oògùn tó o gbé sẹ́yìn pẹ̀lú ẹtu yẹn, èyí tó máa ń tàn láti alẹ́ títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Ṣé kì í ṣe òun ló ń mu ún?"

Ọdẹ́jìmí wò ó. "Oògùn wo, Màmá?"

"Mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lóru lọ bu omi ìrì sí ewé. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ níbi tí ìdérí ti là. Mo rò pé ohun tí ẹ̀yin ọdẹ ń ṣe ni. Mo kàn ń gbójú kúrò."

Ara Ọdẹ́jìmí bù máṣọ. Iná búùtù! Iná kékeré tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ìdérí bá ti là, tó ń kú bí a bá pa á dé. Oòrùn kì í jẹ́ kí èèyàn rí i lọ́sàn-án, èèwọ̀ kò sì jẹ́ kí òun lọ wo ẹ̀yìn lálẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Èèwọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń mu iná mọ́tò rẹ̀ ní gbogbo òru, tó sì ti mu ìbọn rẹ̀ lọ.

Ó sáré dé ẹ̀yìn. Ó fẹ́ yọ gílóòbù iná náà, ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ó gbé òkúta láti fọ́ ọ, Amomi-má-yó ké pé, "Bí wáyà méjèèjì bá fẹnu ko ara wọn, gbogbo ohun tí mo fún yín ti lọ!" Ṣé kó ju ẹtu náà nù ni? Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ẹran tí a pa fún aláìsàn, nílé wọn, ẹni tó jù ú nù ti ju aláìsàn nù. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí búùtù láti pa á dé, ó sì rí ojú bàbá rẹ̀ lọ́kàn, ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mo ti bá erin jìjàkadì, mi ò lè pa á dé, tó bá jẹ́ bàbá mi ló kìlọ̀ fún mi.

"Kúrò níbẹ̀," ni Ìyá Àjíún wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá pa á dé ni yóò mú."

"Mo gbọ́. Èmi ni mo bí ẹni tó sùn. Bó bá fẹ́ mú èèyàn, kó mú mi, mo ti jayé. Bó bá mú ìwọ, ta ni yóò wa mọ́tò?"

Ó gé okùn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ìdérí búùtù dé. Gbìà! Gbogbo igbó dúró. Igi tó ń rìn dúró, òkìtì dúró, ọ̀nà pàápàá gbé orí sókè. Ọdẹ́jìmí fi wáyà kan orí bátìrì. Kò ta. Ó tún fi kàn án. Kò ta. Ó dè é pinpin, ó fò sí ìjókòó awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, Arìnmárẹ̀ sì jí, ó já gbòǹgbò lulẹ̀, ó gbé wọn lọ.

Wọn kò dúró mọ́. Ọdẹ́jìmí ń wo iwájú, ó ń wo ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú dígí, ó ń wò bóyá nǹkan kan ti mú un.

"Màmá, ẹ sùn díẹ̀."

"Bí mo bá sùn, ta ni yóò máa bu omi sí ewé? Wo ọ̀nà rẹ."

Ó ń wa mọ́tò lọ, ẹ̀rù méjì ń bà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sán ni wọ́n wọlé. Ewé náà ti pọ́n, ó ku ìlà tín-ín-rín kan láàárín rẹ̀. Ìyá Àjíún kò bọ́ bàtà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fún un, ẹ̀kán omi kan bọ́ sí ojú ọ̀tún ọmọ rẹ̀. Ó tún fún un, nǹkan kan kò jáde. Ó fi eyín gé ìlà náà, ó fún un tagbáratagbára, ẹ̀kán kékeré kan bọ́ sí ojú òsì. Àjíún sín. Ó lajú, ó wo àjà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ebi ń pa mí."

Ilé bú sáyọ̀. Ọdẹ́jìmí ń fò, ó ń sunkún, ó ń dì mọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tó yíjú padà láti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá náà ti fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ti pa dé, orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká.

"Ó ti mú un!" ni Ọdẹ́jìmí ké. Ó wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. "Màmá! Màmá, èmi ló yẹ kó mú! Ẹ dá mi lóhùn!" Ẹkún sọ nínú ilé. Àjíún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè gbé e fi orúnkún wọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí abẹ́ imú rẹ̀, ó dúró.

"Ariwo kí lẹ ń pa?" Ìyá náà kò lajú. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ó sùn ni n kò tíì sùn. Ẹ jẹ́ kí n sùn."

Àjíún rọra gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan. Wọ́n gbé ẹtu wá, òórùn rẹ̀ gba ilé, ikùn Àjíún kùn débi tí gbogbo èèyàn gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé e padà, òun ń dúró de ìyá òun kí àwọn jọ jẹ ẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń lé eṣinṣin kúrò lójú ìyá rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ìtàn mi gùn dé nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti tún mọ́tò rẹ̀ ṣe nínú yín, kó máa lọ sílé. Bó bá débẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sùn, kó má tẹ hóònù.